Àga ojúde ilé Bàbá l'Ókè-Àdó: ohun tí mo fi ṣe é, iye tó ná mi, àti ibi tí mo ti ṣì í ṣe

Oṣù kẹfà ọdún 2022 ni àga irin kan ká mọ́ ọ̀rẹ́ Bàbá mi nídìí ní ojúde ilé wa l'Ókè-Àdó, n'Ìbàdàn. Ayò ni wọ́n ń ta. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nawọ́ sí ọpọ́n láti kó ọmọ ayò ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àga náà wó sínú, ni wọ́n bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, ìgúnpá nìkan ló bó. Ẹni ọdún 74 ni wọ́n, èmi sì ni mo ra àga náà wá sílé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ gbogbo ohun tí mo bá ṣe lórí àga ojúde yìí sínú ìwé kan. Ohun tó wà nínú ìwé náà ni mo tò síbí. Iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ni mò ń ṣe. Mo mọ irin, mo mọ bí a ṣe ń lo dìrílì àti gírándà, ṣùgbọ́n mi ò mọ igi rárá nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀.

1. Ohun tí mo bá nínú ẹsẹ̀ tó ká

Mo gbé gírándà, mo gé ẹsẹ̀ náà ní íǹṣì 3 sókè láti ìsàlẹ̀. Omi pupa ló kọ́kọ́ tú jáde, ó tó ìdajì ife. Ìpẹtà inú páìpù náà ń ṣí ní ìpele-ìpele bí èèpo àlùbọ́sà, bẹ́ẹ̀ ọ̀dà dúdú tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣì ń dán. Páìpù tó nípọn tó mìlímítà 1.2 nígbà tí mo rà á lọ́dún 2020 ti fẹ́lẹ́ débi pé èékánná mi gún un wọlé.

Mo wá ibi tí omi gbà wọlé. Ihò kan wà lábẹ́ ìjókòó, níbi tí wẹ́dà kò ti jó o dé ìparí, kò tó orí abẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni òjò ń gbà wọ inú páìpù. Nísàlẹ̀, wọ́n fi bàtà rọ́bà de ẹnu páìpù kó má baà ha ilẹ̀. Bàtà rọ́bà yẹn ló ń gba omi dúró. Odindi ọdún méjì ni ẹsẹ̀ àga náà fi wà nínú omi tí a kò rí.

Àga mẹ́rin ni mo rà, ₦12,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo yọ bàtà rọ́bà lára àwọn mẹ́ta tó kù. Gbogbo wọn ló ní omi nínú.

2. Ẹsẹ̀ tuntun láti ọwọ́ wẹ́dà

₦6,000 fún ẹsẹ̀ méjì. Páìpù dúdú ni wọ́n tún lò, mi ò sì ha ojú ibi tí wọ́n jó kí n tó kùn ún. Kí oṣù kejìlá tó parí, pupa ti ń yọ lábẹ́ ọ̀dà ní gbogbo ojú ibi tí wọ́n jó. Mo kó àga náà wọ pálọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n wà títí dòní.

3. Bẹ́ǹṣì àfàrà: oṣù keje 2022 sí oṣù kẹta 2023

Kí àga irin tó wọ pálọ̀ ni mo ti ń wá igi. Mo lọ sí ọjà pákó Bódìjà, mo bèèrè iye ìrókò, owó rẹ̀ bà mí lẹ́rù, mo bá ra àfàrà. Ọmọkùnrin tó ń bá mi gbé pákó sọ fún mi pé, "Bọ̀ọ̀dá, àfàrà kì í ṣe pákó ìta o, inú ilé ni wọ́n ń lò ó." Mo gbọ́. Mo rò ó pé bí mo bá ti fi fánísì bò ó lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí ohun tó máa wọ inú rẹ̀. Àṣìṣe mi ni, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún mi kí n tó ṣe é.

Bẹ́ǹṣì ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 5 ni, pẹ̀lú iṣẹ́ káfíńtà ó jẹ́ ₦27,500. Ó rẹwà. Nígbà tí ọyẹ́ dé, fánísì náà sán bí ilẹ̀ ẹrẹ̀ tó gbẹ, ó sì ń ṣí. Òjò oṣù kẹta wá wọ abẹ́ èyí tó ṣì lẹ̀ mọ́ igi, kò sì rí ọ̀nà jáde mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ìyàwó mi ń gbálẹ̀ ojúde, ó pè mí pé kí n wá wo amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gun ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì. Mo fi kọ́kọ́rọ́ fọ́ ọ, ikán funfun tú jáde. Mo fi ìka kan ẹsẹ̀ náà, ó dún bíi páálí. Síkúrùdíráfà tí mo fi gún un wọlé títí dé ìdí.

Mo jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀. Ibi ìjókòó bẹ́ǹṣì náà ṣì le koko. Nǹkan kan kò sì ṣe ibi ìjókòó àga irin náà. Àwọn méjèèjì, ẹsẹ̀ ni wọ́n ti kú, láàárín íǹṣì 4 ìsàlẹ̀. Oòrùn ni mo ti ń bá jà látẹ̀yìnwá, mò ń ra fánísì àti ọ̀dà, bẹ́ẹ̀ omi tó dúró sílẹ̀ ní ìdí ẹsẹ̀ ló ń pa àga wa. Láti ìgbà náà ni mo ti kọ ọ́ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ pé: ẹsẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ ra, kí n tó ra ìjókòó.

4. Ojúde fúnra rẹ̀

Kí n tó tún ná kọ́bọ̀ kan, mo wọn ojúde náà: ẹsẹ̀ bàtà 14 nípa 11, kọnkéré ni wọ́n dà sí i. Lẹ́yìn òjò, mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì yí ibi tí omi dúró sí ká, kí n tún padà lọ wò ó ní wákàtí kan. Lẹ́yìn òjò mẹ́ta, mo ti mọ̀ pé apá tó súnmọ́ gọ́tà ni omi kì í tètè lọ. Igi máńgòrò ń ṣíji bo apá ìlà-oòrùn láàárọ̀, ṣùgbọ́n láti aago kan ọ̀sán títí di márùn-ún, oòrùn ló wà níbẹ̀. Ilé ikán sì wà ní ìdí ògiri ọgbà, kò tó ẹsẹ̀ bàtà 20 sí ibi tí Bàbá ń jókòó sí.

Bàbá kì í sì í jókòó sójú kan. Wọ́n ń tẹ̀lé ibòji. Nítorí náà, ohunkóhun tí mo bá ṣe, ènìyàn méjì gbọ́dọ̀ lè gbé e.

5. Mo gbin igi sílẹ̀: oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá 2023

Apá yìí ló gba àkókò jù, òun náà ló sì ràn mí lọ́wọ́ jù. Mo padà sí Bódìjà, mo ra àjákù pákó oríṣiríṣi ní ₦3,000, kí n lè mọ èyí tí ikán àti omi kò ní bà jẹ́. Mo gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹsẹ̀ bàtà 1, íǹṣì 2 nípa 2, méjì-méjì. Mo ri ọ̀kan sínú ilẹ̀ ní íǹṣì 5 lẹ́bàá ògiri tí ikán wà, mo gbé èkejì dúró lórí kọnkéré níbi tí ṣọ́ọ̀kì ti fi hàn pé omi ń dúró. Mi ò kùn wọ́n ní nǹkan kan. Mo fi ìṣó kọ orúkọ sí wọn lára, torí mo mọ̀ pé òjò máa pa bíírò rẹ́.

Bàbá kan ládùúgbò wa tó ṣiṣẹ́ fẹ̀yìntì ní FRIN, iléeṣẹ́ ìwádìí igbó tó wà ní Jẹ́ríkò níbí láti ọdún 1954, rí mi níbi tí mo ti ń gbẹ́lẹ̀. Wọ́n bèèrè ohun tí mò ń ṣe, wọ́n sì fi ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan lára ìrókò mi tó funfun. "Èyí kì í ṣe ìrókò lójú ikán," ni wọ́n wí. Wọ́n ṣàlàyé pé ara funfun igi ni omi àti oúnjẹ ń gbà kọjá nígbà tí igi wà láàyè, adùn ṣì wà nínú rẹ̀. Inú tó dúdú ni igi ń kó oró rẹ̀ pamọ́ sí, oró yẹn ni ikán àti èbu ń sá fún. Mo bá pín ìrókò sí méjì, ti funfun lọ́tọ̀, ti inú lọ́tọ̀.

Ohun tí mo bá nígbà tí mo fà wọ́n yọ ní ìparí oṣù kẹwàá nìyí:

Àrère: tinú ilẹ̀ kò sí mọ́. Orí rẹ̀ nìkan ni mo bá.

Àfàrà: ikán ti jẹ ju ìdajì lọ. Tórí kọnkéré ti dúdú, ìdí rẹ̀ rọ̀ bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi.

Ọparun: ikán jẹ tinú ilẹ̀ láti inú lọ síta. Ohun tí mi ò retí ni pé èyí tó wà lórí kọnkéré náà ti ní ihò wíwẹ́wẹ́, lẹ́búlẹ́bú funfun sì ń dà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Kòkòrò mìíràn nìyẹn, kì í ṣe ikán.

Gmelina, tí àwọn onípákó ń pè ní mẹ̀láínà: ikán tọ́ ọ wò lójú, wọn ò wọlé. Ó sán díẹ̀ lórí. Fún owó rẹ̀, mo gbà pé ó gbìyànjú.

Ọ̀gànwó: ó dára lórí kọnkéré, ikán bu ẹ̀gbẹ́ kan jẹ nínú ilẹ̀.

Tíìkì: nǹkan kan kò ṣe inú rẹ̀, òróró ara rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbẹ́ funfun rẹ̀ ni ikán jẹ, ó sì fún mi ní ìṣòro, torí pé tíìkì tí mo rí rà jẹ́ igi kékeré, ara funfun rẹ̀ pọ̀. Íńdíà àti Bọ́mà ni igi náà ti wá, wọ́n sì ti gbìn ín káàkiri ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n kí ó tó dàgbà tán ni wọ́n sábà ń gé e fún òpó.

Apá: kò sí nǹkan tó ṣe é. Mo fi ayùn gé e láti wo inú, inú rẹ̀ gbẹ. Ayùn mi ló jìyà.

Ìrókò inú: bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Àwọ̀ rẹ̀ nìkan ló yí padà sí eérú.

Ìrókò funfun: ikán ti jẹ ẹ́ bíi àfàrà. Igi kan náà, pákó kan náà, ìpín wọn kò kan ara.

6. Àwọn tí kì í ṣe igi

Àlùmíníọ̀mù wá sọ́kàn mi, torí ojoojúmọ́ ni mò ń fọwọ́ kàn án nídìí iṣẹ́. Kì í dípẹtà bí irin, òjò Ìbàdàn kò lè rí i gbé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè jó o dáadáa kò pọ̀, owó rẹ̀ ga, ó ń gbóná nínú oòrùn ọ̀sán, ó sì fúyẹ́. Ojúde wa kò ní géètì. Àwọn tó ń ra àlòkù irin ń kọjá níwájú ilé lójoojúmọ́. Mo fi í sílẹ̀.

Páìpù tí wọ́n rì sínú síǹkì dára ju páìpù dúdú lọ, bí a bá lè fi bóòtù so ó láìjó o. Iná wẹ́dà máa ń jó síǹkì náà dànù níbi tí a bá ti jó o, ibẹ̀ gan-an ni ìpẹtà sì ti máa bẹ̀rẹ̀. Èéfín síǹkì náà máa ń fa ibà fún ẹni tó bá ń jó o.

Àga rọ́bà: oòrùn ń gba okun inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí i tí ojú rẹ̀ ń ta ẹfun sí yín lọ́wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí àgbàlagbà jókòó sórí rẹ̀ mọ́. Ó dára fún òde àríyá, kí wọ́n kó o wọlé tó bá tán.

Pankẹ́rẹ́ wù mí púpọ̀, ó tutù lára. Abẹ́ òrùlé ni ibùgbé rẹ̀. Òjò ń tú ìdè rẹ̀, èbu sì ń mú un. Kọnkéré kò ṣeé gbé tẹ̀lé ibòji.

Ó ku apá àti ìrókò. Káfíńtà tí mo fẹ́ lò ní apá máa ń ba ayùn òun jẹ́, yóò sì wúwo jù. Bí mo ṣe mú ìrókò nìyẹn.

7. Bódìjà, oṣù kọkànlá 2023

Ìyá mi kọ́kọ́ bèèrè bóyá àwọn tó gé igi náà ti bá a sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gé e, torí Olúwéré, ẹ̀mí tí wọ́n ní ó ń gbé inú igi ìrókò. Mi ò fi ọ̀rọ̀ wọn ṣeré. Mo sọ fún wọn pé igi tí wọ́n ti là sí pákó ni mo fẹ́ rà. Wọ́n ní kí n gbàdúrà sí i kí n tó gbé e wọlé, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe yẹ pákó wò: mo ní kí wọ́n bá mi fá ojú rẹ̀ díẹ̀, torí pákó tó ti pẹ́ lójú oòrùn, gbogbo wọn ló jọra. Ìrókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí òroǹbó tó ń pọ́n lọ, yóò sì dúdú bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Mo wo orí pákó níbi tí wọ́n ti gé e, mo fi bíírò sàmì sí ibi tí funfun dé. Èyí tí funfun rẹ̀ bá ju íǹṣì 2 lọ, mo dá a padà. Ọ̀kan nínú mẹ́rin tí mo kọ́kọ́ mú ni mo dá padà, onípákó náà kò bínú, ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò ó.

Pákó 1×12 ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 12 mẹ́rin ni mo rà, àti 2×4 ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 12 mẹ́fà (íǹṣì ni nọ́ńbà méjèèjì, bó ṣe nípọn sí àti bó ṣe fẹ̀ sí). Nígbà tí wọ́n ń fá a, ẹ̀rọ náà dédé ké, iná ta. Òkúta ni. Ìrókò máa ń ní òkúta funfun nínú, ara igi fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Wọ́n ní kí n máa sọ fún káfíńtà kó ṣọ́ra.

Pákó náà tutù. Mo gé àjákù 2×4 ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 1, mo gbé e sórí òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn gáàsì ẹ̀rọ amúlétutù: kílò 1.48. Mo to pákó sẹ́yìn ilé lábẹ́ páànù, lórí búlọ́ọ̀kù, mo fi igi íǹṣì 1 sáàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá, mo sì fi àṣẹ́kù ọ̀dà kùn orí wọn kó má baà sán. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń wọn àjákù náà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ó di kílò 1.12, kò sì yí padà fún ọjọ́ mélòó kan. Mo pe káfíńtà.

8. Kíkàn án, oṣù kìn-ín-ní 2024

Bẹ́ǹṣì méjì tó ní ẹ̀yìn, àti tábìlì kan fún ọpọ́n ayò. Gígùn bẹ́ǹṣì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5. Gíga ìjókòó jẹ́ íǹṣì 17, torí Bàbá ní èyí tó bá lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ń yọ orúnkún wọn lẹ́nu. Tábìlì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 ní gígùn, gíga rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 28. Ìjókòó àti orí tábìlì kì í ṣe pákó fífẹ̀, ọ̀pá íǹṣì 3 ni a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ẹ fi nǹkan bo imú. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo fi ojú àti imú lásán gé ìrókò, ní alẹ́ ọjọ́ náà ọrùn mi ń yún mi, mò ń sín léraléra. Eruku ìrókò ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn jà. Lọ́jọ́ kejì mo lo ìbomú, mo wọ aṣọ alápá gígùn.

Ẹsẹ̀ ni mo fi ọjọ́ kan gbáko ṣe. Igi ń mu omi láti orí ibi tí a ti gé e ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, àfi bí ìgbà tí a di sitírọ́ọ̀ tí a fi ń fa mínírà mu pọ̀. Nítorí náà:

1. Mo dojú gbogbo ẹsẹ̀ 12 kọ òkè, mo fi sáǹdípépà ha ìdí wọn.
2. Mo po gọ́ọ̀mù oníméjì, irú èyí tí a ń po oríṣi méjì pọ̀ kó tó le, mo kùn ìdí náà. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, igi ti mu ún tán, ojú rẹ̀ gbẹ bí ẹni pé mi ò kùn ún. Mo kùn ún lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, nígbà kẹta ló tó dúró tó ń dán.
3. Mo ra pátákó rọ́bà funfun tí àwọn alápatà fi ń gé ẹran, tó nípọn ní ìdajì íǹṣì. Mo gé e sí 12, ọ̀kọ̀ọ̀kan kéré sí ìdí ẹsẹ̀ ní ìdá mẹ́rin íǹṣì yíká, kí omi tó bá ṣàn wálẹ̀ lè kán sílẹ̀ kó má dúró láàárín.
4. Mo fi síkúrù méjì de ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹsẹ̀, mo fi gọ́ọ̀mù dí ihò síkúrù kí n tó fún un.

Báyìí, igi kankan kò kan ilẹ̀. Rọ́bà yẹn kì í mu omi, ikán kò sì ní ohun tó máa jẹ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ gun ẹsẹ̀, wọ́n ní láti mọ ọ̀nà amọ̀ wọn kọjá lára rọ́bà funfun níbi tí ojú máa rí i.

Bóòtù mìlímítà 8 ni a fi so ẹsẹ̀ mọ́ igi ìdábùú, méjì fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Káfíńtà fẹ́ fi ìṣó àti gọ́ọ̀mù pa á mọ́ra títí láé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé rárá: bí ẹsẹ̀ kan bá bàjẹ́ lọ́jọ́ iwájú, mo fẹ́ lè tú òun nìkan. Epo linseed, òróró irúgbìn kan tí wọ́n fi ń pa igi, ni mo fi pa gbogbo ara rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò tún dé ìdí fánísì. Ẹnì kan ní kí n lo ọ́ìlì mọ́tò tó ti gbó, ṣùgbọ́n aṣọ funfun ni Bàbá ń wọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀.

9. Ibi méjì tí mo tún ti ṣì í ṣe

Àkọ́kọ́ ni síkúrù. Mo ra 100 l'Ógùnpa ní ₦25 lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó tà á ní kì í dógùn-ún, mo gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Òjò àkọ́kọ́ ní oṣù kẹta rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí mo dé ojúde láàárọ̀, orí síkúrù kọ̀ọ̀kan ti sunkún dúdú lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí tàdáwà tó dà sórí ìwé. Tàdáwà náà ni lóòótọ́: omi ara ìrókò àti irin, bí òjò bá pa wọ́n pọ̀, dúdú ni wọ́n ń yọ. Mo gbé òòfà sún mọ́ síkúrù náà, ó gbé e lójú ẹsẹ̀. Irin lásán ni, wọ́n kàn fi síǹkì bò ó fẹ́ẹ́rẹ́.

Èkejì ni àlàfo. Nínú ọyẹ́ ni a kàn án, mo sì fi àlàfo mìlímítà 2 sáàárín ọ̀pá ìjókòó, torí ó wuyì lójú bẹ́ẹ̀. Igi kì í gùn sí i bí ó bá mu omi, fífẹ̀ ló ń fẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di oṣù karùn-ún, àwọn ọ̀pá náà ti pàdé, omi ń dúró lórí tábìlì bí ẹni pé àwo ni. Ohun tí mo ti sá fún lẹ́sẹ̀ ni mo tún kó wá sórí.

Mo tú gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan. Síkúrù sìtéńlẹ́ẹ̀sì 100 ní ₦130 lọ́kọ̀ọ̀kan, òòfà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fà wọ́n. Mo fi gọ́ọ̀mù oníméjì dí ihò àtijọ́, mo lu tuntun, mo sì sọ àlàfo di mìlímítà 10, ìka ọwọ́ mi kékeré ń wọ̀ ọ́. Ìjókòó yọ díẹ̀ síwájú àti sẹ́yìn, kò bà á jẹ́. Mo fi sáǹdípépà àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ha àbàwọ́n dúdú náà. Ó rẹ̀ sílẹ̀, kò tán.

10. Iye tó ná mi

Pákó 1×12, mẹ́rin: ₦60,000
2×4, mẹ́fà: ₦51,000
Fífá pákó: ₦6,000
Ọkọ̀ láti Bódìjà: ₦7,000
Síkúrù tí mo sọnù: ₦2,500
Síkúrù sìtéńlẹ́ẹ̀sì: ₦13,000
Bóòtù 24: ₦10,800
Gọ́ọ̀mù oníméjì: ₦7,500
Epo linseed, lítà 2: ₦14,000
Pátákó rọ́bà: ₦5,000
Káfíńtà: ₦35,000

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦211,800, owó ìparí 2023 sí àárín 2024. Ohun tí mo ti ná kí n tó débẹ̀ lórí àga irin, wẹ́dà àti àfàrà jẹ́ ₦81,500. Ohun tí ẹsẹ̀ gbà nínú owó yìí, ìyẹn gọ́ọ̀mù àti pátákó rọ́bà, kò ju ₦12,500 lọ.

11. Bó ṣe wà, oṣù kọkànlá 2025

Òjò ọdún 2024 àti ti 2025 ti rọ̀ lé e lórí. Ní Sátidé tó kọjá, èmi àti àbúrò mi dojú bẹ́ǹṣì méjèèjì àti tábìlì dé. Mo fi ẹnu síkúrùdíráfà gún ìdí gbogbo ẹsẹ̀ 12. Mọ́kànlá le, gọ́ọ̀mù wọn ṣì ń dán. Ìkejìlá, èyí tó máa ń wà lápá gọ́tà, pátákó rọ́bà rẹ̀ ti fọ́ ní igun kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n wọ́ bẹ́ǹṣì náà dípò kí wọ́n gbé e. Igi ibẹ̀ ti dúdú díẹ̀ ṣùgbọ́n kò rọ̀. Mo yọ ọ́, mo jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ méjì, mo tún un kùn, mo fi òmíràn sí i. Ọ̀pá kan lórí tábìlì ti ká díẹ̀ níbi tí mo ti jẹ́ kí funfun kékeré kan kọjá nítorí pé mi ò fẹ́ sọ pákó nù.

Gbogbo ara rẹ̀ ti di eérú, àfi ibi tí àwọn bàbá ń fẹ̀yìn tì, ibẹ̀ pọ́n, ó sì ń dán. Bí mo bá tún fi epo linseed pa á nínú ọyẹ́ yìí, àwọ̀ rẹ̀ máa padà wá, ṣùgbọ́n Bàbá ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ wọn tó ṣubú lọ́jọ́sí ti di ẹni ọdún 77. Apá ọ̀tún bẹ́ǹṣì tó dojú kọ ọ̀nà ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ fi ọwọ́ mì í lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó jókòó.

Mo ti rí àjákù igi òpèpè méjì gbà ní Bódìjà. Mo ti fi ìṣó kọ orúkọ sí wọn lára, ìdí ògiri ni mo máa rì wọ́n sí ní oṣù kẹrin.